Ínfátà Mẹ́ta Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọ́dọ̀ Pín

Èmi, Hilda Adéfúnmiláyọ̀ Láyíwọlá, opó Adéníran Láyíwọlá, olùkọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo ń gbé ní ojúlé kọkànlá, Òpópónà Aláàánú, Surulere, ní ìlú Èkó, ni mo ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran bí mo bá ti lo awò ojú, kò sì sí ẹni tó di ọwọ́ mi mú kọ ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé arúgbó ti ń ṣarán, kí ó mọ̀ pé láàárọ̀ yìí ni mo tú ọ̀kan nínú àwọn ínfátà mi palẹ̀, mo pààrọ̀ fáànù inú rẹ̀, mo sì dì í padà láìku nọ́ọ̀tì kan sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ na ọwọ́ sókè.

Ìwé yìí pa gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, títí kan èyí tí mo kọ nígbà tí inú ń bí mi sí Ọláwálé lórí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀.

Àwọn tí mo yàn láti mójú tó o ni àbúrò mi obìnrin, Jael, àti agbẹjọ́rò Ọláṣẹ́gun Àkàngbé ti Yaba. Mo yan Jael nítorí pé kò sí ẹni tó lè yí i lọ́kàn padà. Mo yan Ọláṣẹ́gun nítorí pé ó ní sùúrù àtijókòó ti Jael. Ẹ̀yin méjèèjì, mo mọ̀ pé ẹ ó jà. Ẹ jà dáadáa, kí ẹ sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun ìní, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé yìí. Ikú kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni èémí Àrìnpé. Àrìnpé ni ìyàwó kejì tí ọkọ mi fẹ́, orogún mi ni. Ẹja ni ó ń yan ní Ìwáyà láti ìgbà èwe rẹ̀, èéfín sì ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ kan ló ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún un, tó ń fi rọ́bà gbé e lọ sí imú rẹ̀, tọ̀sán-tòru. Iná ni ẹ̀rọ náà ń jẹ. Iná ìjọba sì rèé, bí àlejò tí kò sọ ọjọ́ tí òun ń bọ̀ ló rí. Ohun tó ń gbé èémí Àrìnpé ró ni ínfátà mẹ́ta tó wà lábẹ́ àkàsọ̀, pẹ̀lú àwọn bátìrì wọn àti páànẹ́lì tó ń gba oòrùn lórí òrùlé. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ́ wọn.

Lọ́jọ́ Kérésì tó kọjá, lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo ń tòògbé nínú àga, ẹ̀yin ọmọ sì rò pé mo ti sùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọn ínfátà mi. Ọláwálé ní orí-ò-jorí ni ó dára jù: ọmọ mẹ́ta, ínfátà mẹ́ta, kálukú kó gbé tirẹ̀. Jael ní rárá o, pé ìdí-igi ni àṣà wa, pé ìyàwó méjì ni bàbá yín fẹ́, nítorí náà ọ̀nà méjì ni kí ẹ pín in sí. Fúnlọ́lá ní èyí tó bá wù yín ni kí ẹ ṣe, òun ṣáà ní aṣọ tí òun fẹ́ rán. Ayọ̀miídé kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ bí Ayọ̀miídé bá dákẹ́, ó ti ń wọn ibi tó máa gbé tirẹ̀ sí nìyẹn. Nínú gbogbo yín, kò sí ẹni tó béèrè ohun tí ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn yóò fi máa mí. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n n kò lajú, torí mo fẹ́ gbọ́ ẹ̀kún rẹ́rẹ́.

Nítorí náà, mo pín ohun ìní mi báyìí:

1. Ilé mi ní Òpópónà Aláàánú: òkè rẹ̀ ni mo fún Ọláwálé àti Ayọ̀miídé, ọmọ méjèèjì tí mo bí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo fún Fúnlọ́lá, ọmọ tí Àrìnpé bí fún ọkọ wa. Yàrá ẹ̀yìn tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò jẹ́ ti Àrìnpé títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ní kí ó ṣí lọ sí yàrá mìíràn nítorí àlejò. Ẹ má ta ilé náà. Àwọn tó fẹ́ wó o kí wọ́n lè kọ́ ilé alájà gíga yóò wá bá yín pẹ̀lú bisikíìtì àti ọ̀rọ̀ dídùn. Ẹ jẹ bisikíìtì wọn.

Ẹnu máa ń ya àwọn ènìyàn pé orúkọ mi ló wà lára ìwé ilẹ̀. Owó iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ra ilẹ̀, Adéníran sì fi owó oṣù tirẹ̀ kan òrùlé. Akọ̀wé ìjọba ni ọkọ mi, ènìyàn jẹ́jẹ́, ó sì máa ń sá fún iná bí ẹni ń sá fún ejò. Nígbà tí a ṣì ń fẹ́ra wa sọ́nà, bí gílóòbù bá jó, èmi ni n ó gun àga, òun á fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àga mú, á sì máa gbàdúrà sókè. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Kódà lọ́dún tó mú Àrìnpé wọlé láìsọ fún mi, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Mo kàn ń fẹ́ràn rẹ̀ tìbínú-tìbínú ni.

2. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Mushin, níbi tí mo ti kọ́kọ́ ń wé kọ́ìlì mọ́tò àti sitabiláísà fún àwọn ènìyàn, ni mo fún Fúnlọ́lá kí ó máa fi ránṣọ. Mo tún fi mọ́tò tuntun tó wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi kún un. Mọ́tò àtijọ́ tó wà lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ a máa kùn láti àárọ̀ dalẹ́, yálà ó ń ránṣọ ni o tàbí ó ń sọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Èyí kì í yí àfi bí ẹsẹ̀ bá kan pẹ́dálì, ìwọ̀n bí ẹsẹ̀ bá sì ṣe tẹ̀ ẹ́ tó ni yóò ṣe sáré tó. Fúnlọ́lá, iná tó ń jẹ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ nìkan ni n kò rí mọ́tò tó lè dín in kù.

3. Àwọn irinṣẹ́ mi, ìyẹn mítà, irin tí mo fi ń yọ́ òjé, àti ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì iná hàn lójú gíláàsì, ni mo fún Ayọ̀miídé, pẹ̀lú yàrá iṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Iṣẹ́ rẹ̀ ní Yaba ni láti máa ṣe ohun tó ń darí mọ́tò kẹ̀kẹ́ márúwá oníbátìrì, inú mi sì ń dùn sí i débi pé n kì í sọ ọ́ lójú rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí. Ayọ̀miídé, iṣẹ́ rẹ dára ju tèmi lọ. Mo ti rí wáyà inú rẹ̀, ó tò bí irun tí wọ́n dì fún ìyàwó. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, máa jẹun ọ̀sán.

4. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn ilé, mo dá a padà fún Ọláwálé tó rà á. Kí ó gbé e kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó sin mí, n kò fẹ́ kí ó bá ẹgbẹ́ akọrin mi du ohùn.

Ìjà àwa méjèèjì lórí ẹ̀rọ yìí, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Ọláwálé rà á láti fi yẹ́ mi sí, ó fi rìbọ́n pupa wé e. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó mọ̀ pé ìyá Fúnlọ́lá kò gbọ́dọ̀ gbóòórùn èéfín mọ́. Ó ní òun yóò gbé ẹnu páìpù rẹ̀ kọjú sí òdìkejì. Mo ní òdìkejì ni ilé Rùkáyàt, aládùúgbò wa. Ó ní ìyá Rùkáyàt kò ṣàìsàn ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló bí mi nínú. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé ilé yìí kò ní í gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ mọ́, mo sì fi owó ìfẹ̀yìntì mi ra páànẹ́lì tó kù. Wálé, ọmọ rere ni ọ́. O kàn máa ń ra ẹ̀bùn kí o tó ronú ni, bàbá rẹ sì ni o fi jọ.

5. Ajá mi, Fíùsì, ni mo fún Ọláwálé pẹ̀lú. Mo fún ajá náà lórúkọ yìí nítorí pé ohun kékeré ló ń mú un gbaná jẹ, a sì dákẹ́ lójijì. Ọláwálé ní òun kò fẹ́ràn ajá. Ajá náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa ń sùn.

6. Gbèsè: ẹnikẹ́ni kò jẹ mí lówó, èmi náà kò sì jẹ ẹnikẹ́ni. Jael nìkan ló jẹ mí ní fìlà aláwọ̀ búlúù tí mo fi lọ ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa, tó ní òun yá fún ọjọ́ kan. Mo dárí rẹ̀ jì í, ìwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ní í dé e wá síbi ìsìnkú mi.

Èyí tó kàn ni èyí tí ẹ ń retí. Kí n tó dé ibẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ènìyàn tí Àrìnpé jẹ́ sí mi, nítorí pé ohun tí ẹ gbọ́ ládùúgbò kọ́ ni ó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó wọ ilé yìí, n kò fẹ́ rí i. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń yan ẹja nígbà náà, kótínnì funfun mi sì di dúdú. Mo kọ ọ̀rọ̀ sí i lójú, ó sì dá a padà fún mi pẹ̀lú èlé. Ẹ mọ ohun tí àgbà sọ, pé pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Mo máa ń wo àjà náà lójoojúmọ́, mo ń retí ọjọ́ tí wọn yóò fa pàṣán yọ. Kò dé. Mo rí i pé èmi àti òun ni a ó jọ gbé.

Lọ́jọ́ kan, mo ń ṣe ínfátà fún onísọ́míìlì kan ní Makoko. Mo ti yọ ọ́ kúrò lára iná ìjọba, ṣùgbọ́n mo gbàgbé pé bátìrì ṣì so mọ́ ọn, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Iná gbá ọwọ́ mi mú, n kò lè ké, n kò lè jáwọ́. Àrìnpé ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, ó rí mi láti ojú fèrèsé. Kò fọwọ́ kàn mí o. Ó gbé ọmọ odó wọlé, ó wá ibi tó gbẹ lára rẹ̀, ó sì fi lu ọwọ́ mi títí ó fi já kúrò lára iná. Egungun ọrùn ọwọ́ mi dá. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ pé igi gbígbẹ kì í gbé iná, ta ló kọ́ Àrìnpé? Ó ní bàbá òun a máa fi igi yọ okùn lọ́rùn ewúrẹ́ tó bá ń tàpá, òun kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe.

Rùkáyàt, aládùúgbò wa, gbójú sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó rí ìyàwó tó ń fi ọmọ odó lu ìyálé. Ó kígbe. Àdúgbò ya wọlé. Wọ́n di Àrìnpé mú, Adéníran dé láti ibi iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí, èmi tí n bá sì gbà á sílẹ̀, mo ti gé ahọ́n mi jẹ, ó ti wú, n kò lè sọ̀rọ̀. Mo ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣàpèjúwe, wọ́n ní mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lé e jáde. Ìgbà tí ahọ́n mi wálẹ̀ ni mo tó lè sọ pé, ẹ̀yin ènìyàn wọ̀nyí, obìnrin yìí ló yọ mí lọ́wọ́ ikú. Láti ìgbà náà, a ṣì ń jà. A ń jà lórí iyọ̀, lórí rédíò, lórí ẹni tí Fúnlọ́lá fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí mo tún wo àjà.

7. Ínfátà mẹ́ta tó wà lábẹ́ àkàsọ̀, bátìrì wọn, páànẹ́lì orí òrùlé àti gbogbo ohun tó ń darí wọn: mo kọ̀ orí-ò-jorí, mo kọ̀ ìdí-igi. Ẹ kò gbọ́dọ̀ pín wọn rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ẹ kò tẹ́tí nígbà tí mo wà láyé. Iná bátìrì a máa lọ tààrà. Iná tí ẹ̀rọ ilé ń lò a máa lọ síwájú, a máa lọ sẹ́yìn. Iṣẹ́ ínfátà ni láti gé iná bátìrì wẹ́wẹ́, kí ó sì tò ó kí ó lè máa lọ bíi tèkejì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe é pọ̀ lórí wáyà kan ṣoṣo. Ẹ̀yin rò pé ọ̀gá kan wà nínú wọn. Kò sí. Bí ẹrù bá pọ̀ lórí ọ̀kan, yóò rọra dẹ eré rẹ̀ sílẹ̀, ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò fi ní í fura. Àwọn tó kù yóò mọ̀ ọ́n lára wáyà, wọn yóò sì ki èjìká bọ ẹrù náà. Èyí tó lágbára jù yóò gbé púpọ̀, èyí tí bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀ yóò gbé díẹ̀. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn yé. Ẹ̀yin ọmọ mi pẹ̀lú, mo gbìyànjú.

Bí ẹ bá wá pín wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yí, ó máa ń gbé iná mì ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po ohun tó ń jẹ nígbà tó bá ti ń yí. Àwọn mẹ́ta lè fún un. Ọ̀kan ṣoṣo yóò pa ara rẹ̀ láti gba ara rẹ̀ là, ẹ̀rọ Àrìnpé yóò sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Fúnlọ́lá, mo mọ̀ pé o ó sọ pé tìrẹ ni o ó fi sí yàrá ìyá rẹ. Ní oṣù Òkúdù, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, bátìrì ọ̀kan ṣoṣo kò lè mú un di òwúrọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mo ronú títí lórí bí n ó ṣe dá yín lẹ́kun. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀ fún gbogbo ilé lápapọ̀. Ọláṣẹ́gun ní ohun tó bá ti jẹ́ ti gbogbo wa, ẹnìkan lè lọ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n pín in. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀ fún Ayọ̀miídé. Mo rántí pé Ayọ̀miídé lè gba iṣẹ́ sí òkè òkun lọ́la. Ìgbà náà ni mo rántí pé ogún òkú nìkan ni à ń pín. Kò sí ẹni tó ń pín ohun ìní ẹni tó wà láàyè.

Nítorí náà, mo fún Àrìnpé Láyíwọlá, orogún mi, ní gbogbo rẹ̀, kò ku wáyà kan. Tirẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nílé yìí yóò máa lo iná nípa oore rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí fíríìjì òun tutù, kí ó wọ yàrá ẹ̀yìn láàárọ̀, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó béèrè bó ṣe sùn. Ọláwálé, ìwọ náà. Ikùn rẹ kò tóbi ju dídọ̀bálẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí Àrìnpé bá lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán, ẹ̀yin mẹ́ta ni kí ẹ jọ máa lò ó, ìgbà náà ẹ ó ti mọ ara yín ju báyìí lọ.

8. Mo fi Ayọ̀miídé ṣe olùtọ́jú rẹ̀, kí ó máa pààrọ̀ ohun tó bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ètò bí ó ṣe ń gé iná nígbà tí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ yí i padà, bí Àrìnpé fúnra rẹ̀ tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Amúlétutù Ọláwálé ló ń kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn rẹ̀, áyọ́ọ̀nù Fúnlọ́lá. Lẹ́yìn rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, gílóòbù, títí dé gílóòbù yàrá èmi alára. Yàrá ẹ̀yìn kì í kú.

Ọláwálé ti pe oníṣẹ́ wá wo amúlétutù náà, wọ́n ti rọ gáàsì tuntun sí i, ó sì ti ra sitabiláísà fún un. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ rẹ, ọmọ mi. Èmi ni mo ń gé e. Ẹ ó béèrè ìdí tí n kò fi sọ. Nígbà kan tí iná kò tó, Àrìnpé gbọ́ tí Fúnlọ́lá ń sunkún lórí aṣọ ìgbéyàwó tó kù díẹ̀ kó rán tán. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ẹ̀rọ tirẹ̀ kúrò lára iná, ó ní òun lè fara dà á. Ìgbà tí mo wọlé, ètè rẹ̀ ti dúdú. Mo bú u, mo sunkún, mo sì kọ ètò náà kó tó di pé ilẹ̀ mọ́. Bó bá mọ̀ pé gbogbo ilé ń wọ òkùnkùn kí òun lè mí, kò ní í gbà. Ẹ má ka ìpín kẹjọ yìí sí i létí, ẹ má sì jẹ́ kí ó rò pé òun jẹ́ ẹrù.

9. Ìpín yìí kò sí nínú ìwé yìí lánàá. Lánàá ni ó yẹ kí a fọwọ́ sí i. Mo ránṣẹ́ pe Taoheed tó ń ta bátìrì ní Mushin àti Rùkáyàt aládùúgbò wa láti wá ṣe ẹlẹ́rìí, Ọláṣẹ́gun sì jókòó. Bí a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Àrìnpé jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Ó ti wẹ̀, ó wọ bùbá tí kì í wọ̀ àfi lọ́jọ́ Àjíǹde, ó fa rọ́bà ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ̀lé ara dé pálọ̀, ó sì mú bírò lọ́wọ́. Ó ní kò sí ẹni tó mọ Ìyá Wálé bí òun, pé òun ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí. Gbogbo wa mọ̀ pé ìka ni Àrìnpé máa ń tẹ̀. Ó ní òun kò tẹ̀ka mọ́. Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ lórí tábìlì Fúnlọ́lá, láti ìgbà tó ti gbọ́ pé mo ń kọ ìwé.

Mo ní kò lè fọwọ́ sí i. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, n kò sì lè sọ ìdí rẹ̀. Ó wò mí. Ó ní lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìyàwó ìta náà ni òun ṣì jẹ́ lójú mi. Ó padà sí yàrá rẹ̀. Láti àná, kò dá mi lóhùn. Oúnjẹ alẹ́ tó ní kí Fúnlọ́lá gbé fún mi, iyọ̀ inú rẹ̀ tó láti fi se odidi ìkòkò ọbẹ̀. Mo ní kí àwọn ẹlẹ́rìí padà wá lónìí, kí n lè kọ èyí kún un.

Àrìnpé, ìyàwó mi, òfin ni ó sọ pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ìhágún gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kò gbọ́dọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Bí o bá kọ orúkọ tí o kọ́ yẹn síbí, o pàdánù ínfátà. Mo fẹ́ rí orúkọ náà. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ rí i ju bí mo ṣe fẹ́ rí tèmi lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ nísinsìnyí, ìwọ yóò fọwọ́ sí i kíá kí àwọn ọmọ lè rí i pín. Mo mọ̀ ọ́. Nítorí náà, mo fi ọ́ sílẹ̀ kí o máa bínú sí mi títí di ọjọ́ tí wọn yóò ka ìpín yìí sí ọ létí. Bínú dáadáa. Máa po iyọ̀. Ẹni tó bá ń bínú, ó ń mí.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí nílé mi ní Surulere, lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjì tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀, àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú mi àti lójú ara wọn, ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2025.

Hilda Adéfúnmiláyọ̀ Láyíwọlá (ó fọwọ́ sí i)

Ẹlẹ́rìí kìíní: Taoheed Adéṣínà, oníṣòwò bátìrì, Mushin (ó fọwọ́ sí i)

Ẹlẹ́rìí kejì: Rùkáyàt Motọ́lání Bákàrè, aládùúgbò, Òpópónà Aláàánú, Surulere (ó fọwọ́ sí i)